Káàdì mòòkùn láti àjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ta ló ń rí i pé ẹ̀kọ́ wọn dọ́gba?

Ọmọ Àsà kọ̀wé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ wa níbí ní Ìlọrin fẹ́ kí èèyàn 8 kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn pẹ̀lú sílíńdà afẹ́fẹ́. Gbogbo wọn ló mọ odò wẹ̀ dáadáa. Olùkọ́ méjì ló ti fi iye owó wọn ránṣẹ́. Ti PADI, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń fún ẹni tó bá kọ́ ìmòòkùn ní káàdì ẹ̀rí, ni èkíní, ó ní ọjọ́ 3 ni òun máa fi parí gbogbo ẹ̀, òun nìkan ló sì máa kọ́ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ti SSI, àjọ mìíràn bẹ́ẹ̀, ni èkejì, ọjọ́ 5 ló béèrè, ó ń mú igbákejì kan bọ̀, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èkíní.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ń sọ pé káàdì kan náà ni gbogbo rẹ̀, ká mú èyí tó dínwó. Àwọn kan ní PADI ló lórúkọ jù. Ṣé nǹkan kan náà ni àwọn àjọ yìí ń kọ́ni lóòótọ́? Ta ló ń ṣọ́ wọn? Báwo ni èmi tí n kì í ṣe amòòkùn ṣe máa mọ̀ bí olùkọ́ bá gé ẹ̀kọ́ kúrú? Pùùlù kan wà tí a lè háyà. Wọ́n ń gbèrò pé omi ìdídò Àsà ni ká ti ṣe èyí tó kù.

Olùkọ́ Tánkẹ́ fèsì:

Ẹ gbé orúkọ àjọ tì ná. BSAC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti 1953, CMAS tí Jacques Cousteau, amòòkùn ará Faransé, jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1959, PADI dé ní 1966, SSI ní 1970. Oníkálukú ló ní ìwé ìlànà tó kọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ìlànà ISO 24801, ti àjọ àgbáyé ISO, tó jáde ní 2007, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2014. Ipele 3 ló pín amòòkùn sí. Ẹni tó wà ní ipele 1 kò gbọdọ̀ kọjá mítà 12, olórí gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú omi. Ẹni tó wà ní ipele 2 lè wọ omi dé mítà 20 pẹ̀lú ẹnìkejì tí ipele wọn dọ́gba, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ní pẹ́ débi tí á fi di dandan fún un láti dúró lójú ọ̀nà kí náítírójìn (apá kan afẹ́fẹ́ tó ń wọ ara lábẹ́ omi) jáde lára rẹ̀ kó tó lè yọjú sókè. Ipele 3 ni ẹni tó lè ṣáájú àwọn ẹlòmíràn. Káàdì Open Water Diver ti PADI àti ti SSI, ìyẹn èyí tí àwọn mẹ́jọ yín fẹ́ gbà, ipele 2 ni méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà 18 ni àwọn àjọ náà fi ṣe òpin fún un. Lórí ìwé, àwọn tó sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n kò purọ́.

Àmọ́ gbólóhùn kan wà nínú ipele 2 yẹn tí kò yẹ kẹ́ ẹ fojú fò: omi tó bá ṣe bíi ti ibi tí wọ́n ti kọ́ èèyàn, tàbí tó rọrùn jù ú lọ, ni káàdì náà wà fún. Ẹni tó kọ́ ọ nínú omi mímọ́ gaara kò tíì gba káàdì omi dúdú.

Ní ti pé ta ló ń ṣọ́ wọn: ISO kì í fún ẹnikẹ́ni ní káàdì, kì í sì í rán ẹnikẹ́ni lọ sí etí pùùlù. WRSTC tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, àwọn àjọ fúnra wọn ló kóra jọ síbẹ̀ láti fẹnu kò lórí ìwọ̀n tó kéré jù. EUF ní Yúróòpù máa ń yẹ àjọ wò bóyá ìlànà rẹ̀ bá ti ISO mu, ṣùgbọ́n ìwé àti ètò àjọ ló ń yẹ̀ wò, kì í ṣe olùkọ́ tó ń bọ̀ wá bá yín. Kóńgò kan náà ni gbogbo wọn ń lò lọ́jà. Bí ẹnì kan bá ti lu ìdí tirẹ̀ wọnú, orúkọ ẹni tó rọ kóńgò náà kò ní kún gàárì yín.

Àwọn ọ̀nà tí àjọ fi ń ṣọ́ olùkọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìdánwò kó tó di olùkọ́. Ní PADI, òṣìṣẹ́ àjọ ló ń ṣe ìdánwò yẹn, kì í ṣe ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ tún orúkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́dọọdún, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò láṣẹ láti kọ́ni. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìbéèrè tí àjọ ń fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ lórí íméèlì lẹ́yìn tí káàdì bá jáde: ṣé ẹ ṣe èyí, ṣé ẹ ṣe tọ̀hún? Bí ìdáhùn bá fi àléébù hàn, wọ́n á pe olùkọ́, wọ́n lè dá a dúró, wọ́n sì lè lé e. Ibi tí ètò yìí ti jò ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ kò lè mọ ohun tí wọ́n fò. Òmíràn tún ni kí olùkọ́ fi íméèlì ara rẹ̀ sí àyè ti akẹ́kọ̀ọ́, kí ìwé ìbéèrè má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wọn tẹ íméèlì wọn sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan tó wúlò fún yín: olùkọ́ SSI gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan kó tó lè fún èèyàn ní káàdì, nígbà tí olùkọ́ PADI lè dá dúró láìsí ilé ẹ̀kọ́. Èyí kò sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì. Ohun tó sọ ni pé ẹ ní ibi méjì láti fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ SSI, ẹyọ kan lọ́dọ̀ adádúró. Ẹ gba nọ́ńbà olùkọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ti PADI, ẹ lè wò ó ní Pro Chek lórí wẹ́ẹ̀bù wọn bóyá orúkọ rẹ̀ ṣì múlẹ̀. Ti SSI náà, wẹ́ẹ̀bù wọn ni kẹ́ ẹ ti wò ó.

Àǹtí Ràmọ́tà fèsì:

Mo fara mọ́ ohun tí Olùkọ́ wí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́ 3 yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ìlànà PADI fún Open Water: ìpín 5 ẹ̀kọ́ ìwé, ìpín 5 nínú pùùlù, ìmòòkùn 4 nínú omi gbangba, tí kò sì gbọdọ̀ ju 3 lọ lóòjọ́. Ìmòòkùn kan kò tíì di ìmòòkùn àfi tí èèyàn bá wà nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, tàbí kó mí afẹ́fẹ́ tó lítà 1,400, kó sì jẹ́ pé ibi tó jìn tó mítà 5 ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Ní ti iye akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ kan sí 8 ni òpin nínú omi gbangba, kan sí 10 nínú pùùlù. Ẹ wá rí i pé olùkọ́ yín tó fẹ́ dá kọ́ èèyàn 8 kò tíì rú òfin kankan lórí ìwé. Àmọ́ òpin ni 8 yẹn. Ìlànà kan náà ló ní kí ó dín in kù bí omi bá dúdú, bó bá tutù, tàbí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń bẹ̀rù.

Nínú pùùlù, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá lo ìṣẹ́jú 3 lórí bíbọ́ gíláàsì ojú kó tó wọ̀ ọ́ padà, ìṣẹ́jú 24 ni fún èèyàn 8, lórí nǹkan kan ṣoṣo. Nǹkan 5 bẹ́ẹ̀, wákàtí 2. Ohun tó sì yẹ kí wọ́n ṣe ju 5 lọ dáadáa. Ibi tí ìgékúrú ti ń wọlé nìyẹn: olùkọ́ á ní kí wọ́n kúnlẹ̀ sílẹ̀ pùùlù, kí wọ́n tò gbọọrọ, kí kálukú ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó di ọwọ́ kejì. Ẹni tó kọ́ gbogbo nǹkan lórí orúnkún, bó bá dé omi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀, yóò máa wá ibi tí yóò kúnlẹ̀ sí, yóò ru ẹrẹ̀ sókè, gbogbo wọn ò sì ní rí ara wọn mọ́. Láti nǹkan bí 2014 ni PADI ti tún ẹ̀kọ́ yìí ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa kọ́ ọ bó ṣe léfòó láàárín omi. Olùkọ́ tó ṣì ń kúnlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ń kọ́ni bíi ti àtijọ́.

Kí ẹnì kan jókòó sétí pùùlù kó máa wo nǹkan wọ̀nyí, kò dìgbà tó bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣé kálukú wẹ mítà 200 láìdúró (tàbí 300 bó bá lo gíláàsì ojú, lẹbẹ ẹsẹ̀ àti ọ̀pá ìmí), tó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10? Ṣé wọ́n mí lábẹ́ omi láìsí gíláàsì ojú fún ìṣẹ́jú 1 gbáko? Ṣé wọ́n ju ẹnu régúlétọ̀ (ohun tí wọ́n fi ń mí láti sílíńdà) sílẹ̀, tí wọ́n sì wá a rí? Ṣé wọ́n pín afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ẹnìkejì bí ẹni tí sílíńdà rẹ̀ ti gbẹ? Ṣé wọ́n léfòó lójú kan fún ìṣẹ́jú ààyá 30 láìjẹ́ pé wọ́n ń lọ sókè tàbí wọ́n ń rì? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń fi ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ hàn. Ẹni tí kò bá lè ṣe é kò ì múra tán láti wọ omi gbangba, káàdì yòówù kó gbà.

Ẹ má sì gbàgbé ìwé ìlera. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2020 ni gbogbo àjọ WRSTC ń lò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí àwọn ìbéèrè kan níbẹ̀ (ikọ́ fée, gìrì, àrùn ọkàn), dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó wọ pùùlù pàápàá. Olùkọ́ tó bá ní kí gbogbo yín kàn máa kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá, ẹ dágbére fún un níbẹ̀.

Ọmọ Àsà kọ̀wé:

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Olùkọ́, mo dúpẹ́. Nǹkan méjì ló kù: ṣé omi Àsà dára fún ìmòòkùn 4 yẹn? Àwọn ìgbìmọ̀ sì ń retí pé bí àwọn ọmọ bá ti gba káàdì, wọ́n á lè máa bá wọn wá ẹni tó bá rì sómi.

Ayọ̀ Ìgbómìnà fèsì:

Káàdì ìgbafẹ́ kì í ṣe káàdì ìgbẹ̀mílà, kì í sì í ṣe ti wíwá òkú. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò kéré. Nínú iṣẹ́ ìwákiri, okùn ló ń so amòòkùn mọ́ ẹni tó dúró sókè, ẹni yẹn ló ń darí rẹ̀ nípa fífa okùn. Amòòkùn kejì á ti wọ ohun èlò rẹ̀ tán, á jókòó sétí omi láti wọlé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n máa ń lo gíláàsì tó bo gbogbo ojú torí ìdọ̀tí omi. Ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni: àjọ ERDI ń kọ́ ọ, PADI náà ní ti Public Safety Diver. Ní ibi iṣẹ́ yìí pàápàá àjọ kì í dọ́gba, nítorí ohun tí fífa okùn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì túmọ̀ sí lè yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ kan sí òmíràn. Bí ẹ bá kó èèyàn jọ láti àjọ méjì, ẹ kọ èyí tí ẹ máa lò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ omi.

Ní ti Àsà, mi ò ní gbà á fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Omi tí ìlú ń mu ni, ìwé àṣẹ ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà. Bí àṣẹ bá tilẹ̀ wà, ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa omi àti ibi tí omi ti ń jáde lára ìdídò kò ṣeé sún mọ́ rárá: omi tó ń wọ inú ihò kan lè lẹ èèyàn mọ́ ojú rẹ̀ débi tí èèyàn mẹ́ta kò ní lè fà á kúrò. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ni nínú omi ìdídò láìbéèrè àwòrán ibi tí ihò wọ̀nyí wà kò mọ iṣẹ́. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò, olùkọ́ tí kò bá lè rí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò sì lè dá a dúró bó bá fẹ́ sáré gòkè. Àwọn àgbà ní amòòkùnṣolè, bí ọba ayé ò rí ọ, ti òkè ń wò ọ́. Nínú omi dúdú, àjọ ò rí olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ò rí i.

Àtọ̀sí ajá tún wà níbẹ̀. Ibi tí omi kì í ti í ṣàn, tí koríko àti ìgbín omi pọ̀ sí, ni kòkòrò rẹ̀ ti ń gba awọ ara wọlé. Aṣọ ìmòòkùn tó bo gbogbo ara ń dín in kù, kò mú un kúrò pátápátá. Kí wọ́n nura kíákíá bí wọ́n bá jáde, kí wọ́n sì lọ ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nǹkan kan tún wà tí olùkọ́ tó ń ti etí òkun bọ̀ lè má ranti: Ìlọrin ga. Pápákọ̀ òfurufú wa ga tó nǹkan bíi mítà 343 sí ojú òkun, Òmù-Àrán tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mítà 300 ni ọ̀pọ̀ tábìlì ìmòòkùn (ìwé tó ń sọ bí èèyàn ṣe lè pẹ́ tó lábẹ́ omi) fi ṣe ààlà. Ibi tó bá ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣirò orí òkè ni kí wọ́n lò. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọwọ́ ń ṣe é fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn mìíràn, èèyàn ló ní láti yí i. Ẹ bi olùkọ́ yín léèrè, ẹ wo ojú rẹ̀. Omi aláìníyọ̀ náà tún nìyẹn: irin ìdíkùn (irin tó ń mú amòòkùn rì) tí èèyàn gbé nínú òkun á pọ̀ jù fún un níbí. Bí òun àti ohun èlò rẹ̀ bá tó kílò 90, kí ó yọ nǹkan bíi kílò 2 sí 2.5 kúrò.

Èyí tí màá mú ni pé kí wọ́n ka ìwé, kí wọ́n sì ṣe pùùlù tán ní Ìlọrin, kí wọ́n wá lọ ṣe ìmòòkùn 4 níbi tí omi ti mọ́. PADI gbà á kí olùkọ́ kan bẹ̀rẹ̀, kí òmíràn parí, láàárín oṣù 12, bí ìwé tí èkíní fọwọ́ sí bá pé. Bí wọ́n bá sì máa wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílé, kí wọ́n dúró fún wákàtí 12 lẹ́yìn ìmòòkùn kan ṣoṣo, 18 bí ó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Sílíńdà Ọ̀fà fèsì:

Kò sí ẹni tó dárúkọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa mí. Káàdì àjọ wo ló fẹ́ gba ẹni tó mí èéfín jẹnẹrétọ̀?

Ìlànà Yúróòpù, EN 12021, kò gbà kí kábọ̀n mónọ́sáìdì kọjá 5 nínú mílíọ̀nù. Ti Amẹ́ríkà, Grade E, gba 10. Epo inú afẹ́fẹ́: mílígíráàmù 0.5 nínú mítà onígun mẹ́ta kan ní Yúróòpù, 5 ní Amẹ́ríkà. Ẹ rí i pé àwọn yìí náà kò dọ́gba. Ní mítà 20, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ èèyàn jẹ́ ìlọ́po 3 ti orí ilẹ̀, nítorí náà 10 nínú sílíńdà ń ṣiṣẹ́ lára bíi 30. Orí á fọ́, ojú á máa pòòyì, ẹni náà á sì rò pé ẹ̀rù ló ń ba òun.

Ohun tó ń fà á lọ́dọ̀ wa kò fara sin: iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́, páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé sì kọjú sí ibi tí èéfín ń gbà. Kí páìpù yẹn ga, kó sì wà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kó jìnnà sí sáléńsà. Fíltà ní iye wákàtí tó ń lò. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí náà sí hàn yín. Afẹ́fẹ́ tó dára kì í rùn. Mónọ́sáìdì náà kì í rùn, ìdí nìyẹn tí imú kò fi tó, àfi ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n.

Ara sílíńdà: òǹtẹ̀ ìdánwò omi tí wọ́n fi irin lù sí ọrùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Ti alumíníọ́ọ̀mù tó wọ́pọ̀ jù, bàà (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀) 207 ni kíkún rẹ̀. Bí géèjì bá ka 150 láàárọ̀ tí wọ́n sọ fún yín pé ó ti tó, ìmòòkùn yẹn máa kúrú, olùkọ́ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí odindi.

Kúnlé Sábó fèsì:

Ẹ jọ̀ọ́, àjọ wo ló wá le jù nínú gbogbo wọn?

Olùkọ́ Tánkẹ́ fèsì:

Ó sinmi lórí ohun tí ẹ pè ní líle. Káàdì GUE, àjọ mìíràn, máa ń kú lẹ́yìn ọdún 3, àfi bí ẹni tó ni ín bá fi hàn pé òun ti mòòkùn ní ìgbà 25 láàárín àkókò náà. Ti PADI àti SSI kì í kú, ẹni tó gbà á ní ogún ọdún sẹ́yìn ṣì lè nà án síta lónìí. Ẹ tún wo gígòkè pàjáwìrì láìsí afẹ́fẹ́, tí èèyàn ń mí síta títí débi ojú omi: PADI ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é láti mítà 6 sí 9, BSAC kò fi sínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n ní ewu ìdánrawò náà ju èrè rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ ta ló le jù níbẹ̀? Àwọn méjèèjì ronú jinlẹ̀. Lójú tèmi, BSAC ló jàre lórí èyí, pàápàá jù lọ fún olùkọ́ kan tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 8: gbogbo ìgbà tó bá bá ẹnì kan gòkè ni àwọn 7 tó kù dá wà.

Àǹtí Ràmọ́tà fèsì:

Olùkọ́, kì í ṣe kí wọ́n dá wà nísàlẹ̀ o! Ìlànà ní kí igbákejì tó ní ìwé wà pẹ̀lú wọn, tàbí kí wọ́n dúró sókè. Ìdí mìíràn tí mo fi fara mọ́ olùkọ́ kejì yẹn nìyẹn, igbákejì tó ń mú bọ̀ ni owó náà ń lọ sí. Àmọ́ ẹ béèrè ìwé igbákejì náà pẹ̀lú, torí ẹni tó kàn mọ̀ ọ́n mòòkùn kò kà.

Ọmọ Àsà, kí adehùn yín sọ pé ìlàjì owó ló máa dúró lọ́wọ́ yín títí kálukú á fi gba ẹ̀dà ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ọjọ́, bí omi ṣe jìn tó, ìṣẹ́jú tó lò àti ìbuwọ́lù olùkọ́ wà níwájú ohun kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ kan náà àti gègé kan náà bá wà lórí gbogbo rẹ̀ látòkè dé ilẹ̀, ẹ má san ìyókù.

Ọmọ Àsà kọ̀wé:

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Màá fi ìbéèrè orí òkè àti ti páìpù jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ méjèèjì lálẹ́ òní, ká wo ẹni tó máa dáhùn.